Oko Onírùngbọ̀n

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ṣábẹ, òórùn kan máa ń jí mi kí àkùkọ tó jí mi. Òórùn iṣu tó ń gbẹ ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè wa ní àkókò òmìnira mọ ohun tí mò ń wí: iṣu tí a ti bó, tí a ti bọ̀ lómi gbígbóná, tí a wá sá sórí àpáta láti fi ṣe gbodo, tí a ó sì lọ̀ ọ́ di èlùbọ́. Ní ọjọ́ kìíní, òórùn oúnjẹ ni. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń kan díẹ̀, àlejò á máa yínmú. Nígbà tó bá fi di ọjọ́ karùn-ún, òórùn ilé ni, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ mọ́ àfi ẹni tó ti ìrìn-àjò dé. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo máa ń dà, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á sì máa rántí bí àpáta ṣe máa ń tutù láàárọ̀.

Àpáta pọ̀ ní ìlú wa ju ilẹ̀ lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ tó fi ń sá nǹkan. Tiwa wà lẹ́yìn agbo ilé, ó tẹ́jú, ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyàwó ilé fi pín in láàárín ara wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ láti fi pààlà. Ẹ má fi ojú kékeré wo ààlà yẹn o. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bínú nítorí awẹ́ iṣu kan tó kọjá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ sọ. Àwa ọmọ ìgbà náà mọ ìlú wa lórúkọ kí a tó mọ̀ ọ́n lójú. Gáà ni ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Àwọn Faransé ló pè é bẹ́ẹ̀, àwa kàn rọ̀ ọ́ sí ẹnu wa ni. Ẹ̀yìn Irin ni òdìkejì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ gbà pé àwa gan-an la wà lẹ́yìn irin. Sóńgò ni àdúgbò àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn ti Nàìjíríà wá. Bìrò ni ilé iṣẹ́ ìjọba, ilé funfun tí ọ̀gá Faransé tí à ń pè ní komandáǹ ti kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí ọmọ Dàhòmẹ̀ kan sì kó wọlé, tó dé irú fìlà kan náà. Ìdí Ọsàn wà, kò sì sí ọsàn kankan níbẹ̀. Igi náà ti wó kí wọ́n tó bí bàbá mi. Nílé ẹ̀kọ́, olùkọ́ wa fi ẹfun ya ìlú sára pátákó, ó kọ orúkọ rẹ̀ bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́, ó sì ní kí a kà á. A kà á. Kò sí ẹni tó rò nínú wa pé ìlú wa ni.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní Ṣábẹ. Láti ìlú Bẹ̀sẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sílé bàbá mi, òun náà sì ti rìn káàkiri kí ó tó mọ ìlú, nítorí náà ó máa ń kọ́ mi pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé gbodo lọ tà ní Gáà, ó ń dárúkọ ibi tí a bá dé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní orin. Nígbà tí mo tó rìn, ó ní kí n máa dá àwọn orúkọ náà padà fún òun. Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń fi parí ẹ̀kọ́ náà. Ó lè ní, "Ọ̀nà kan ò wọjà," tàbí kí ó ní, "Abéèrè kì í ṣìnà." N kò mọ̀ nígbà náà pé èkejì yìí ní ohun tó ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́: kí ẹni tó ń béèrè mọ orúkọ tí yóò fi béèrè.

Ohun tó sì fà á tí mo fi wí bẹ́ẹ̀ nìyí. Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, obìnrin tí a gbé wọlé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn tó ti kú. Òun fúnra rẹ̀ ló máa fún wọn ní orúkọ tó bá wù ú. Àbúrò bàbá mi tó dúdú di Adúmáadán lẹ́nu ìyá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínmẹ́nugún. Ìyẹn dùn, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ìdajì Ṣábẹ àti gbogbo oko rẹ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n ń jẹ́. Abà Lágbájá, Kànga Tàmẹ̀dù, Odò Lámọrín. Obìnrin tí kò gbọdọ̀ pe Lágbájá, báwo ló ṣe fẹ́ pe abà rẹ̀? Yóò wá orúkọ mìíràn fún abà ni. Bí ìyàwó mẹ́rin bá wà nínú ilé, abà kan lè ní orúkọ mẹ́rin, láì ka èyí tí ọkùnrin ń pè é.

Kànga tí bàbá àgbà kan gbẹ́ nílé wa, Kànga Aláàánú ni ìyá mi ń pè é. Abà ilé wa tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀pàrà, níbi tí a ti ń gbin iṣu, Oko Onírùngbọ̀n ló sọ ọ́. Wọ́n ti sọ fún un pé bàbá tó tẹ ibẹ̀ dó ní irùngbọ̀n dé àyà. Kò rí bàbá náà rí. Ó ti kú kí irin tó dé Ṣábẹ. Ọkàn mi kò sọ fún mi rí pé orúkọ tòótọ́ kan wà lábẹ́ èyí. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; bó bá ń lọ síbẹ̀, "Mo ń lọ sóko" ni gbogbo ohun tó máa ń wí. Oko Onírùngbọ̀n ni mo gbọ́, òun ni mo gbà.

Ẹnìkan wà nílé wa tí ọ̀rọ̀ èèwọ̀ orúkọ yìí kò fi ṣeré rárá. Ìyá Òkè ni, ìyálé ìyá mi. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé yàrá rẹ̀ wà ní apá òkè agbo ilé, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti wọ ilé wa, wọ́n ní kò ṣi ẹnu pe orúkọ kan rí. Òun ló ń kọ́ àwọn ìyàwó tuntun, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ṣèèṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ mú adìẹ ìtanràn ẹni náà lẹ́sẹ̀ wá fún Baálé, olórí ilé wa. Ó fẹ́ràn láti máa wí pé, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Bí ó bá ti wí i, gbogbo wa á di ẹnu wa mú, títí kan àwa tí a kò sọ nǹkan kan.

Ní ọdún òmìnira yẹn, òun àti ìyá mi kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìjà. Òkúta wẹ́wẹ́ orí àpáta ni. Ìyá Òkè ní ìyá mi ti sún ààlà. Ìyá mi ní ẹran ló tú u. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì á dúró sórí àpáta kan náà, tí kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ láàárín wọn.

Ìyá Òkè á ní, "Sọ fún ẹni tó bí ọ pé iṣu rẹ̀ ti ń rìn."

Ìyá mi á ní, "Sọ fún Ìyá Òkè pé iṣu ò lẹ́sẹ̀."

Èmi á dúró láàárín, n kò ní sọ nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tó kù láti sọ. Ẹ̀rín ń pa mí nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ìyá mi kò dùn, mo mọ̀, nítorí kì í kọrin mọ́ bó bá ń yí iṣu padà.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ sinmi lọ́yẹ́ ọdún náà, mo bá àwọn òbí mi lọ sí Oko Onírùngbọ̀n láti lọ kó iṣu. Ìyá mi lóyún, ó ti lé díẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ, àmọ́ kì í ṣe obìnrin tó ń jókòó. Baálé ti rìnrìn àjò, àwọn yòókù wà lóko wọn; Ìyá Òkè nìkan ló kù sílé láàárín àwọn àgbà, ó ń ṣọ́ iṣu tó wà lórí àpáta. Ọjọ́ kẹta tí a débẹ̀, bàbá mi àti gbogbo ọkùnrin abà kọjá sódìkejì odò Ọ̀pàrà lọ ṣe àáró fún àna ẹnìkan. Ọjọ́ méjì ni wọ́n dá. Àwa tó kù ni ìyá mi, èmi, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ti di arúgbó, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá mi tó fara ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀, ìrora kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Mo kéré, ṣùgbọ́n mo rí ojú ìyá arúgbó náà nígbà tí ó fọwọ́ kan ìró ìyá mi tó sì gbọ́ bó ṣe tutù. Ó ní kí n gba ẹsẹ̀ ọ̀nà bọ́ sí títì, kí n wọ ọkọ̀ tó bá ń kọjá, kí n lọ pe agbẹ̀bí ìjọba, tí gbogbo ìlú ń pè ní sáàfámù.

"Ṣé o mọ orúkọ ibí tí o máa sọ fún un?" ó bi mí.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí n kò ní mọ̀ ọ́n? Mo sáré.

Kámíyọ̀n kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó òwú, ló gbé mi. Wọ́n sọ mí sókè orí àpò òwú, ìlù àyà mi àti eruku nìkan ni mo rántí nínú ìrìn-àjò náà. N kò rí ibi tí a ti yà, n kò rí ibi tí a kọjá.

Sáàfámù wa kò tíì pé oṣù mẹ́ta ní Ṣábẹ. Láti ìlú Pọ̀bẹ́ ni ìjọba ti gbé e wá. Ó ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ti ilé wọn ni, àwa ọmọdé sì máa ń sín in jẹ bó bá kọjá. Ó ní mòbílẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan, irú alùpùpù kékeré, àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ló so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà, kò sí àyè fún ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn rẹ̀, ó gbọ́ "ẹ̀jẹ̀" lẹ́nu mi, kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi mú àpótí náà.

"Níbo ni ìyá ẹ wà?"

"Oko Onírùngbọ̀n."

"Ibo nìyẹn?"

"Ọ̀nà Ọ̀pàrà, mà."

"Ọ̀nà Ọ̀pàrà gùn. Abà mélòó ló wà lójú ọ̀nà yẹn?"

N kò mọ̀. Ó bi àwọn tó jókòó dúró dè é. Òṣìṣẹ́ ojú irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni. Àwọn obìnrin Fúlàní méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá wàrà wọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ Oko Onírùngbọ̀n rí. Òṣìṣẹ́ ojú irin náà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé irùngbọ̀n ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ni. Sáàfámù kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ẹnu ojò mòbílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó ní ẹ̀sáńsì, epo ọkọ̀ tó kù, lè gbé òun lọ lẹ́ẹ̀kan kí ó sì gbé òun bọ̀. Kò lè gbé òun ṣìnà. "Ta ló wà nílé yín?" ó bi mí. "Àgbà kankan?"

Mo tún sáré. Mo bá Ìyá Òkè lórí àpáta, ó tẹ̀ba, ó ń yí iṣu padà lọ́kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ nínú ààlà. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni mo ń rò ó pé kí ni màá ṣe bí ó bá sọ pé kí n sọ fún ẹni tó bí mi ní nǹkan kan. Mo ní, "Ìyá mi ń ṣẹ̀jẹ̀ lóko. Sáàfámù ò mọ ibẹ̀." Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. N kò rí i kí ó sáré rí, n kò sì mọ̀ pé ó lè sáré.

Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Sáàfámù, ó kí i kó tó sọ nǹkan mìíràn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáàmù. Oko àwọn ọkọ mi ni. Ẹ máa lọ lójú ọ̀nà Ọ̀pàrà títí ẹ ó fi rí àpáta méjì tó dojú kọra. Ẹ̀yìn ìyẹn, igi irúgbá ńlá kan wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹsẹ̀ ọ̀nà tó wà nídìí rẹ̀ ni kí ẹ gbà."

"Ìyá, ẹ má bínú," ni Sáàfámù dá a lóhùn. "Gbogbo ibí ni àpáta, gbogbo ibí ni igi irúgbá. Àlejò ni mí. Orúkọ tí màá fi béèrè lọ́wọ́ ará ọ̀nà ni kí ẹ fún mi. Abéèrè kì í ṣìnà."

Ọ̀rọ̀ ìyá mi nìyẹn, lẹ́nu àlejò. Ó gún mi láyà.

Ìyá Òkè wo ojú ọ̀nà sí òkè, ó wò ó sí ìsàlẹ̀, bóyá ọkùnrin ilé wa kan á kọjá. Kò sí. Ó wá yíjú sí mi, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, bí ẹni tó ti gbàgbé pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun.

"Ìwọ ọmọ ilé," ó ní. "Tìrẹ ni. Pe orúkọ abà bàbá ńlá rẹ fún Màdáàmù."

"Oko Onírùngbọ̀n."

"Ìyẹn kọ́. Ti ilé. Èyí tí bàbá rẹ ń pè."

"N ò mọ̀ ọ́n, mà."

Ó wò mí. Mo ti kọ̀wé ìdánwò púpọ̀ láti ìgbà náà, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe, n kò tíì tún rí ojú tó ti mí bí ojú yẹn. Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni ẹnu mi gba orúkọ náà, èmi sì ni n kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ní Oko Onírùngbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ìyá mi kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìyá Òkè tú gèlè rẹ̀. Ó yíjú sí apá ibi tí agbo ilé wa wà, ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ẹ forí jì mí, bàbá." Ó dìde. Ó sì sọ ọ́, kò rọ ohùn sílẹ̀ rárá.

"Abà Adékàmbí ni. Ẹ bi wọ́n léèrè Abà Adékàmbí."

Sáàfámù ti yọ ìwé àti kálàmù bíìkì. Kò mọ ohun tí ojú òun rí. Ó ní, "Ẹ tún un pè, Ìyá, kí n kọ ọ́ dáadáa."

Ìyá Òkè tún un pè.

Lẹ́yìn tí mòbílẹ́ẹ̀tì náà ti lọ, a jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kò wé gèlè rẹ̀ padà. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó yá ó ní kí a lọ sílé, iṣu ń bẹ lóòrùn. Ó yí ti apá tirẹ̀ padà títí ó fi dé ibi òkúta wẹ́wẹ́. Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ti ìyá mi.

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Sáàfámù dé sẹ́nu ọ̀nà wa, ó kún fún eruku dé ìpéǹpéjú. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun béèrè lọ́nà, kò sì sí ẹni tó ṣiyè méjì kó tó nawọ́. Ká ní òun pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ní, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ìyá mi ń bẹ láàyè. Ìyá Òkè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un lómi, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí bàbá mi gbé ìyá mi àti ọmọ náà dé láti oko, Baálé pe ilé jọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ wà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ káàbọ̀ ni. Ìyá Òkè ló jáde láàárín èrò, adìẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á lé Baálé lọ́wọ́.

"Mo pè é," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè é."

Àwọn ìyàwó tí ó ti gba adìẹ lọ́wọ́ wọn rí wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó rẹ́rìn-ín nínú wọn. Baálé gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, ó sì béèrè.

"Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ?"

"Ọmọ yìí gbọ́ ọ."

Wọ́n wò mí. Mo fẹ́ sọ pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé bí n kò bá gbọ́ ọ, kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, adìẹ rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Òkè ń wò mí, kò sì dà bí ẹni tó fẹ́ kí n purọ́ fún òun.

"Mo gbọ́ ọ, bàbá."

"O ti mọ̀ ọ́n báyìí nìyẹn. Pè é."

"Abà Adékàmbí," mo wí. Ohùn mi kéré.

Baálé ní, "Ẹni tó kọ́ ọmọ wa ní orúkọ bàbá ńlá rẹ̀, n kò rí ẹ̀bi rẹ̀. Àwa tí a ní ẹnu tó gbà á tí a kò fi kọ́ ọmọ, àwa ló yẹ ká mú adìẹ wá." Bàbá mi tẹrí ba. Baálé wá gbé adìẹ náà wò, ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí ti dé ná. Ẹ sè é fún ìyá ọmọ."

Ẹ̀rín sọ nílé. Ìyá mi, tí kò tíì le dáadáa, kúnlẹ̀ níwájú ìyálé rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Ìyá Òkè, ẹ ṣé," ó wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ti ẹnu rẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ìyá Òkè gba ọmọ náà, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Omi wà lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Sọ fún ìyá rẹ pé iṣu rẹ̀ ti gbẹ," ó ní.

Nígbà tí a tún sá iṣu sórí àpáta, òkúta wẹ́wẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò mọ ẹni tó kó wọn, n kò sì béèrè. Láàárín àwọn ìyàwó ilé, abà náà gba orúkọ tuntun. Ìyá-Sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi gan-an ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, n kò gbọ́ Oko Onírùngbọ̀n lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ìyá Òkè máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ bí wọ́n bá wí i, ṣùgbọ́n kò bínú.

Mo di olùkọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Kútọnu àti Pàràkú, mo ń fi ọ̀pá tọ́ka sí orúkọ odò àti òkè lára ògiri. Bí ọmọ kan bá dá mi lóhùn pẹ̀lú orúkọ tí kò sí lára àwòrán ilẹ̀, n kì í sọ pé kò gbà á. Mo máa ń bi í pé, "Ta ló kọ́ ẹ?" Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gba orúkọ ibi gbogbo sílẹ̀ fún ìjọba dé bá wa ní abà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò mi, tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ti gbin kajú sí gbogbo ilẹ̀ náà. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi wá ní orúkọ ibẹ̀. Mo la ẹnu, mo pè é fún un kedere, Abà Adékàmbí, bí ọmọ ilé ṣe yẹ kí ó pè é. Ìyàwó àbúrò mi, tí wọ́n bí ní Kútọnu tó sì kàwé, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ẹ̀yin náà ń pè é bẹ́ẹ̀, mà?" ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi í.

"Rárá o. Ìyá-Sọ̀rọ̀ ni àwa ń pè é."

"Ìyá wo? Kí ló sọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a lẹ́nu àwọn ìyàwó tó ṣáájú òun. Àbúrò mi náà ní òun kò mọ̀. Mo wò ó, mo ní, ìwọ kẹ̀? Mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ná, kí ó wá ibì kan jókòó sí.

Ọmọ tó sáré dé ọ̀dọ̀ Sáàfámù ní orúkọ kan péré lẹ́nu, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo ti ní mẹ́ta báyìí, mo sì mọ ẹni tí mo lè pe èwo létí rẹ̀. Mo rò pé ọ̀kan nínú méjì tó wúlò ni màá fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wa ń ṣẹ̀jẹ̀ ní Oko Onírùngbọ̀n."

Àbúrò mi dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, níbo nìyẹn?"

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí a wà, mo ní, "Ibí ni."